Ìlú Tí A Kò Ti Mọ Ẹnikẹ́ni

Màmá kì í jókòó jẹun. Bí mo bá fẹ́ rántí wọn nídìí oúnjẹ, ẹ̀yìn wọn ni mo máa ń rí, bí wọ́n ṣe dúró ti síǹkì nílé wa ní Ellenwood, nítòsí Atlanta ní America, tí wọ́n gbé abọ́ lé ọwọ́ òsì, tí omi sì ń dà sínú ìkòkò tí wọ́n fẹ́ fọ̀. A ó pè wọ́n títí kí wọ́n wá jókòó. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún wa: "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣe eléyìí ná."

Àwọn ni wọ́n bí Mọ́mì mi. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Fairburn, Grandma ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí ni wọ́n kú, àwọn ènìyàn sì ti ń rọ̀ mí láti ìgbà náà pé kí n kọ ìtàn ayé wọn, ọdún tí a bí wọn, ilé ìwé tí wọ́n ti ṣe tíṣà ní Ìbàdàn, ipò tí wọ́n dì mú nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ẹlòmíràn lè kọ ìyẹn. Màmá tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ kọ nípa wọn, Màmá tí wọ́n máa ń bá mi jà, tí wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, tí wọ́n sì di arúgbó kí wọ́n tó béèrè nǹkan kan ṣoṣo fún ara wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì.

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹni tó bá mọ irú ìrìn àjò tí Màmá ti rìn láyé á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Nígbà tí ìyàwó Uncle Délé, àkọ́bí wọn, bí ọmọ àkọ́kọ́ ní Manchester, Màmá ni wọ́n ránṣẹ́ pè kí wọ́n wá wẹ ọmọ. Bí ọmọ yẹn ṣe ń rá, ẹlòmíràn ti bímọ sí Houston. Wọ́n kúrò ní Houston, wọ́n tún padà sí Manchester. Ó kan Toronto, ó kan Mọ́mì mi níbí, èmi ni wọ́n sì wá wẹ̀. Ibi gbogbo tí wọ́n dé, iṣẹ́ kan náà ni: kí wọ́n gbé omi kaná, kí wọ́n fi òrí pa ọmọ lára, kí wọ́n nà án lápá nà án lẹ́sẹ̀, kí wọ́n fi aṣọ gbígbóná tẹ ikùn ìyá rẹ̀, kí wọ́n sì pọn ọmọ sẹ́yìn kí ìyá lè sùn. Bí àlejò bá bi wọ́n léèrè bí England ṣe rí, wọn a ní: "Mo lọ, mo bọ̀. Balùwẹ̀ Délé ni mo mọ̀ níbẹ̀."

Wọ́n lè jà ṣá. Mọ́mì ra ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ fún wọn, Màmá sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó abọ́ sí lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ọwọ́ ara wọn fọ̀ ọ́ tán. Nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì mi. Wọn a ti ibi iṣẹ́ dé láàárọ̀, wọn a bá ìyá wọn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ìjà a sì bẹ̀rẹ̀. Mọ́mì a ní kí Màmá sinmi. Màmá a béèrè ta ni yóò gbálẹ̀. Mọ́mì a ní àwọn ni. Màmá a wo bàtà iṣẹ́ tí Mọ́mì kò tíì bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀, wọn a máa gbálẹ̀ wọn lọ. Lọ́jọ́ kan tí ìjà náà le, Màmá gbé ìgbálẹ̀ dúró, wọ́n ní: "Ẹni tó bá ní kí n sinmi, kó wá ibi tí iṣẹ́ ò sí fún mi."

Ọkàn wọn ló wá bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Wọ́n ṣubú ní kíṣìnì, a gbé wọn lọ sí ọsibítù, dókítà sì sọ fún wa pé ọkàn wọn ti rẹ̀, pé oògùn á ràn án lọ́wọ́ ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ di tuntun. Nígbà tí mo wọlé síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Màmá ti dìde tẹ́ ibùsùn ọsibítù pẹ̀lú gbogbo wáyà tó wà lára wọn, nọ́ọ̀sì kan sì ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wọn wí. Abọ́ oúnjẹ wà níwájú wọn. Èmi ni wọ́n yíjú sí, omi sì wà lójú wọn. "Oúnjẹ wọn ò dùn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbé e wá bá mi, Àbẹ̀kẹ́." Mo jáde lọ sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé mọ́tò sí.

Sátidé kan lẹ́yìn tí wọ́n padà dé ilé, mo ń wo kọ̀ǹpútà nídìí tábìlì. Ìlú Morrow nítòsí wa ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ aláìsàn láti tún máa rìn. Mo ní ọjọ́ ìsinmi díẹ̀ lọ́wọ́, mo sì ń wo àwọn ìlú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Scotland, Wales àti Ireland tí ènìyàn lè lọ fi ọjọ́ díẹ̀ gbádùn ní òtẹ́ẹ̀lì. Màmá ń kọjá lọ pẹ̀lú aṣọ tí wọ́n fẹ́ ká. Wọ́n dúró sẹ́yìn mi. Wọ́n béèrè ẹni tó tẹ́ ibùsùn inú àwòrán náà. Mo ní àwọn òṣìṣẹ́ ni. Wọ́n béèrè ẹni tó ń fọ aṣọ ibùsùn, ẹni tó ń se oúnjẹ àárọ̀, ẹni tó ń palẹ̀ abọ́ mọ́, àti bóyá ó yẹ kí àlejò yọjú sí wọn ní kíṣìnì kó bá wọn ṣe díẹ̀. Nígbà tí mo dáhùn tán, wọ́n gbé aṣọ kalẹ̀, wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí. "Wá ìlú kan fún mi níbẹ̀."

A béèrè lọ́wọ́ dókítà. Ó ní bí wọ́n bá máa wọ bàálù, ọdún yìí ni kí wọ́n wọ̀ ọ́, kí wọ́n má dúró de ọdún tó ń bọ̀. Mọ́mì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo bi Màmá pé kí ló dé tí kì í ṣe Savannah, ìlú kan nílẹ̀ America níbí tí a lè wa mọ́tò lọ wẹ́rẹ́. Wọ́n ní àwọn ti gbé ilẹ̀ òyìnbó lọ́hùn-ún fún oṣù tó pọ̀ láìrí i, àwọn sì fẹ́ rí i kí àwọn tó lọ. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ.

Ṣùgbọ́n wàhálà wà níbẹ̀. Láàárín wa, ẹni tó bá ní èèyàn nílùú kan kì í lọ sùn ní òtẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Ilé èèyàn rẹ̀ ni yóò wọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga pálọ̀ ni wọn yóò tẹ́ nǹkan sí fún un. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ará ilé á béèrè ohun tí wọ́n fi í ṣe. Tó bá wá jẹ́ ìyá ló lọ sùn sórí ibùsùn olówó nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà nítòsí, orí ìyàwó ọmọ ni gbogbo rẹ̀ máa dà lé. Wọ́n á ní ó lé ìyá ọkọ rẹ̀ síta. Ìdí nìyí tí Màmá fi là á kalẹ̀ fún mi pé ìlú tí a kò ti mọ ẹnikẹ́ni ni kí n wá.

Mi ò mọ̀ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú ìlú bẹ́ẹ̀. London ò tiẹ̀ yẹ ní dídárúkọ. Mo mú Leeds wá, Mọ́mì tí wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ní ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn kan wà níbẹ̀. Mo mú Dublin, ọ̀kan nínú àwọn akọrin wa ní àbúrò síbẹ̀. Ọmọ pásítọ̀ wa àtijọ́ ń kàwé ní Cardiff. York wu Màmá gan-an, nítorí pé ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, òtẹ́ẹ̀lì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí rélùwéè ń dúró sí; a ti ń wo yàrá kí Mọ́mì tó rántí pé àbúrò ìyàwó Uncle Délé ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé síbẹ̀. Òkè àti àtẹ̀gùn Edinburgh pọ̀ jù fún orúnkún wọn. Òjò ni gbogbo ẹni tó ti lọ sí Galway ń ròyìn. Nígbà tí mo dárúkọ Bath, Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn ti wẹ ọmọ púpọ̀ jù ní ilẹ̀ yẹn. "Tún wò ó, Àbẹ̀kẹ́. Ayé ò lè kéré tó báyìí."

Bí a bá sì rí ìlú, òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ní ẹjọ́ tirẹ̀. Wọn a ní kí n ka ohun tí àwọn tó ti sùn níbẹ̀ kọ, kí n sì tú u sí Yorùbá, wọ́n ní ẹ̀sùn máa ń dùn ún gbọ́ jù ní Yorùbá. Màmá a wá máa dá ẹjọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin kan kọ ọ́ pé ìrọ̀rí òun tín-ín-rín jù. Wọ́n ní kó ká aṣọ rẹ̀ sábẹ́ orí. Obìnrin kan kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ gbàgbé láti pààrọ̀ tówẹ́ẹ̀lì òun, òun sì pe ọ̀gá wọn. Màmá pòṣé, wọ́n ní kí n ti òtẹ́ẹ̀lì yẹn pa. Mo ṣàlàyé pé òtẹ́ẹ̀lì kọ́ ló ṣe nǹkan, pé àlejò ni. Wọ́n ní nítorí àlejò náà gan-an ni, àwọn ò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jókòó nídìí oúnjẹ àárọ̀. Inú máa ń bí mi nígbà mìíràn. Oṣù ń lọ, ẹsẹ̀ wọn ti ń wú, a sì jókòó síbẹ̀ à ń gbèjà àwọn òṣìṣẹ́ tí a kò rí rí. "Ọmọ ẹlòmíràn ni obìnrin yẹn fẹ́ kí wọ́n lé níṣẹ́," ni Màmá wí.

Llandudno la wá rí níkẹyìn. Ìlú kékeré kan ni, létí òkun, ní àríwá Wales. Àwọn òtẹ́ẹ̀lì aláwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ tò sí etí omi, ojú ọ̀nà tẹ́jú, ènìyàn sì lè rìn jókòó rìn jókòó láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Nínú òtẹ́ẹ̀lì tí Màmá yàn, ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè wà, àwọn àlejò rẹ̀ sì jẹ́ arúgbó tí kì í ṣàròyé. Èmi àti Màmá ò lè pe orúkọ ìlú náà dáadáa. Mọ́mì ronú títí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ka gbogbo ìdílé lórí ìka, wọn ò rí ẹnikẹ́ni. Màmá na ọwọ́, wọ́n fọwọ́ kan àwòrán fèrèsé yàrá náà lójú kọ̀ǹpútà. "A ti dé ibẹ̀ nìyẹn," ni wọ́n wí.

Ìgbà yẹn ni Mọ́mì wá mọ̀ pé a kò ṣeré. Wọ́n béèrè bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí Manchester tó, mo sì ní mọ́tò kò ní rin ìrìn wákàtí méjì. Ojú wọn yí padà. Wọ́n ní kí ni àwọn máa sọ fún ẹ̀gbọ́n àwọn, ta ló máa gbà á gbọ́ pé Àǹtí Bísí, ìyàwó Uncle Délé, kò ṣe nǹkan kan, nígbà tó jẹ́ pé ìyàwó tó mọ ìyá ọkọ tọ́jú ni. Màmá ní òótọ́ ni, Bísí ò ṣẹ̀ àwọn rí. Wọ́n ní lẹ́yìn òtẹ́ẹ̀lì, ilé Délé ni àwọn máa lọ, àwọn sì máa pẹ́ níbẹ̀. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sùn ná." Wọ́n sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́. Ọwọ́ Mọ́mì náà ló di báàgì wọn, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èmi àti Màmá dé Llandudno ní ọ̀sán, ó ti rẹ Màmá gan-an. Wọ́n jókòó sí etí ibùsùn, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa aṣọ funfun náà síwá sẹ́yìn, wọ́n ní ẹni tó lọ aṣọ yìí mọ iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n sùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí mo la ojú, wọ́n ti tẹ́ ibùsùn wọn, wọ́n ti fọ ife, wọ́n ti nu balùwẹ̀. Ọmọbìnrin tó wá tún yàrá ṣe wo gbogbo rẹ̀, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá a fẹ́ máa lọ ni. Inú Màmá bàjẹ́ sí ara wọn. Wọ́n ní àwọn fò láti America wá sinmi, àwọn ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i bí wọ́n ṣe fi ibùsùn sílẹ̀ láìtẹ́. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n wẹ̀yìn, wọ́n tún wẹ̀yìn, bí ẹni tó ń fi ọmọ sílẹ̀ níléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ibùsùn yẹn ń wò mí," ni wọ́n wí.

Àárọ̀ yẹn ni Uncle Délé wọlé bá wa nídìí oúnjẹ. Mọ́mì ò lè pa á mọ́ra; wọ́n ti pe Uncle lórí fóònù láti ilé. Kóòtù iṣẹ́ wà lọ́rùn Uncle, ojú wọn pọ́n. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì láàárín àwọn arúgbó òyìnbó tó ń jẹ ẹyin, wọ́n dìde, wọ́n sì sọ ọ́ láìgbé ohùn sókè: "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé. Kí ni mo fi yín ṣe?"

Màmá fà wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n jókòó, wọn ò jókòó.

"O ò fi mí ṣe nǹkan kan, Délé. Ìyàwó rẹ náà ò fi mí ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí mo bá wà nílé rẹ, tí mo gbọ́ tí omi ń ró ní kíṣìnì, màá dìde. Bí ó ti wù kó rẹ̀ mí tó, màá dìde. Níbí, mi ò mọ ibi tí kíṣìnì wọn wà."

Mo rò pé Uncle Délé máa sọ pé àwọn á ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ́ kí Màmá wọ kíṣìnì. Bóyá wọ́n fẹ́ sọ ọ́, bóyá wọ́n sì rántí gbogbo ọdún tí wọ́n ti sọ ọ́ rí. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ wá dé, ó béèrè bóyá Uncle máa jẹun. Uncle fa àga. Wọ́n gbé tíì wá, Màmá gbé tiwọn, wọ́n fẹ́ ẹ, wọ́n mu ún, wọ́n tún mu ún, títí ó fi tán, Uncle ò sì gbé ojú kúrò lára wọn. Nígbà tí wọ́n kó abọ́ lọ tán, Uncle dìde lọ sọ́dọ̀ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì gba yàrá kan fún ara wọn.

Ọjọ́ díẹ̀ ni a lò pọ̀ níbẹ̀. Màmá a jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójú òkun, Uncle a jókòó tì wọ́n, wọn ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mi ò rí Màmá bẹ́ẹ̀ rí, kí ọwọ́ wọn wà lórí itan lásán, kí wọ́n máa wo ẹyẹ. Ní ọjọ́ tí a ń lọ, Uncle pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n bẹ̀ mí pé kí ọ̀rọ̀ náà má jáde, kí n jẹ́ kí ayé mọ̀ pé ilé àwọn ni Màmá wọ̀. Wọ́n ní fún ara àwọn kọ́, nítorí Bísí ni. Mo ṣèlérí. A dé Manchester ní ìrọ̀lẹ́, kí a tó já ẹrù sílẹ̀ tán, Màmá ti wà nídìí síǹkì.

Wọn ò pẹ́ lẹ́yìn tí a padà dé Atlanta. Ẹsẹ̀ wú, mímí ń ṣòro, ọsibítù di ilé. Àwọn ìyá ṣọ́ọ̀ṣì a máa béèrè bí England ṣe rí, Màmá a rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo sùn dáadáa." Wọn kì í fi nǹkan kan kún un. Wọ́n kú ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Mọ́mì di ọwọ́ kan mú, èmi di èkejì mú. Ó ń dùn mí títí di òní. Sátidé ló burú jù. Bí ẹnì kan bá ṣí omi ní kíṣìnì, mo ṣì máa ń rò pé àwọn ni.

Ní ìsìn ìdágbére wọn, ṣọ́ọ̀ṣì kún. Àwọn ọmọ Uncle ò lè wá, ṣùgbọ́n Uncle àti Àǹtí Bísí wá láti Manchester, wọ́n jókòó síwájú pẹ̀lú wa. Ẹni tó bá dìde sọ̀rọ̀, ohun kan náà ló ń sọ: Grandma ò mọ ìsinmi. Olórí àwọn ìyá ní títí dé ọjọ́ ìkẹyìn, ọwọ́ Grandma ò dilẹ̀, ẹ̀mí wọn ò sì mọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Àwọn ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ìyìn ni wọ́n fi ṣe, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ń gún mi láyà. Ó dà bí ẹni pé a fẹ́ sin wọ́n pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. Mi ò sì lè sọ nǹkan kan, nítorí ìlérí tí mo ṣe.

Ó kan Uncle Délé. Wọ́n mú ìwé tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sí dání, wọ́n wò ó, wọn ò kà á.

"Ìyá mi sinmi," ni wọ́n wí. "Òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ti sinmi, ní Wales. Wọn ò sùn nílé mi. Mo lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa bọ̀ nílé, wọ́n kọ̀, wọ́n sì jàre. Mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀."

Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ni. Mo rí àwọn ìyá tó ń wo ara wọn, mo rí àwọn ojú tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá Àǹtí Bísí kiri nínú ìlà tiwa. Àǹtí Bísí gbé báàgì ọwọ́ wọn kúrò lórí itan, wọ́n dìde, wọ́n rìn lọ síwájú, wọ́n sì dúró ti ọkọ wọn.